Wáyà Tí Baba Kò Gé

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti di òkú lónìí ṣì wà láyé. Onílé ìsàlẹ̀ tó máa ń yọrí lójú fèrèsé bú gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ṣì wà. Ajá rẹ̀, tí kò nítìjú bíi tirẹ̀, ṣì wà. Baba Oníwáyà náà ṣì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì ara rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ: apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kú mọ́ ọn lára. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ọkùnrin àti obìnrin, ṣì ń pe ara wọn ní ọmọ ìyá. Ìyẹn náà ti kú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Àkọ́bí, ọmọkùnrin Baba Oníwáyà, wọlé tọ Arínúróde lọ. Arínúróde kì í ṣe orúkọ tí ìyá sọ obìnrin náà. Àwọn ọ̀daràn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, torí wọ́n ní ó máa ń wo inú èèyàn bí ẹni ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò. Ó ti fẹ̀yìntì, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀ lórí àga, kí ọ̀dọ́kùnrin náà tó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìkíni rẹ̀ kò tiẹ̀ tíì délẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí ná."

Ó tẹ nǹkan kan. Ohùn kan jáde bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, àfi bíi pé ẹnì kan ti kọ́ òjò náà lórin.

"Ó dùn," ni Arínúróde wí. "Ta ló ń kọrin?"

"Kò sẹ́ni tó ń kọrin, mà. Dùùrù inú kọ̀ǹpútà ni. Bàbá mi ló ṣe é, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe é. Ọkùnrin kan ti ń tà á kiri báyìí, ó ní òun lòun ṣe é."

"Gbé e lọ fún ọlọ́pàá, ọmọ mi. Èmi ti bọ́ aṣọ ọlọ́pàá."

"Bàbá mi ti sọ fún gbogbo ẹbí pé èmi ni mo jí i gbé fún un."

Arínúróde gbé ohun tó fi ń gé èékánná sílẹ̀.

"Èmi nìkan ni mo mọ páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀," ni Àkọ́bí ń bá a lọ. "A jà nítorí dùùrù yìí. Mo ní kó jẹ́ ká gbé e jáde, ó ní kò tíì tó. Mo bínú kúrò nílé. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ló jáde lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Kò sẹ́ni tó fún mi níṣẹ́ mọ́ láàárín àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Dókítà ní ọkàn Bàbá ò lágbára mọ́. Tó bá kú sórí ọ̀rọ̀ yìí, olè ni mo jẹ́ títí èmi náà á fi kú. Mo fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kó tó lọ, pé kì í ṣe èmi."

"Tí mo bá wádìí, tó bá jẹ́ pé ìwọ ni ńkọ́?"

"Ẹ sọ fún wọn."

Ìdáhùn náà wu Arínúróde. Olè kì í dáhùn kúkúrú. Ó fa kọ̀ǹpútà náà mọ́ra. "Fi ìfun rẹ̀ hàn mí."

Àkọ́bí ṣí inú dùùrù náà. Àpótí kéékèèké ló kún ojú kọ̀ǹpútà, wáyà tí wọ́n fi ìlà yà sì ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. "Àpótí yìí ló ń bí ohùn. Èyí ni asẹ́, òun ló ń sẹ́ ohùn tó bá le jù. Èyí dà bí ilẹ̀kùn, tí ìka bá kan dùùrù á ṣí, tí ìka bá kúrò á pa dé. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n so pọ̀ ló ń rí ohùn gidi mú jáde."

"Àwọn wáyà tó ṣú wọ̀nyí ńkọ́?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Wáyà òkú nìyẹn. Bàbá kì í gé wáyà. Tí kò bá fẹ́ ohùn kan mọ́, á yí bọ́tìnnì rẹ̀ sí òdo, á fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá gé wáyà ti gé ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ lè gbà padà. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́."

*

Yàrá Baba Oníwáyà ń rùn òróró ìpara àti aṣọ tí kò rí oòrùn dáadáa. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jókòó sórí àga tó ga jù nínú ilé náà. Alága ni gbogbo ẹbí ń pè é, torí kò sí ìpàdé ẹbí tí kì í ti jókòó sórí irú àga bẹ́ẹ̀.

"Ìyá, kí lẹ tún wá wá?" ni Alága béèrè. "Bàbá ti dájọ́. Ẹjọ́ ti tán."

"Mo wá kí aláìsàn ni."

"Ẹ kí i kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ má fi ọ̀rọ̀ olè dà á láàmú."

Arínúróde ṣe bí ẹni tí etí rẹ̀ di. Ó sún mọ́ ibùsùn. "Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé àkọ́bí yín ni?"

Ojú Baba mọ́ kedere bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan. "Mo gbọ́ ohùn dùùrù náà lórí fóònù. Mo ní kí àbúrò rẹ̀ obìnrin bá mi wá a wá. Mo tú inú rẹ̀ wò látòkè délẹ̀. Tèmi ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ni mo ti mọ ẹni tó mú un."

"Kò sẹ́lòmíì tó lè jẹ́?"

Baba na ọwọ́ òsì sí agogo kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, ó mì í. Ó dún gán-ín, ó wá gbọ̀n rìrì lẹ́yìn bí eyín ẹni tí òtútù mú. Ètè agogo náà ti sán.

Ọ̀dọ́bìnrin kan wọlé wéré, ó ń nu ọwọ́ sára aṣọ. Àbíkẹ́yìn Baba nìyẹn. Kò béèrè ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ èjìká rẹ̀, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó nu itọ́ ẹnu rẹ̀, ó tún ìrọ̀rí ṣe. Ìyá ọmọ tuntun kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"O kú ìtọ́jú, ọmọ mi," ni Arínúróde wí. "Agogo yìí á ti yọ ọ́ lẹ́nu."

"Ó ti mọ́ mi lára, mà. Nígbà tí àìsàn yìí dá a dùbúlẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í dé ilé ìdáná, ni mo fi ra agogo. Ọjọ́ tí mo rà á náà ló já bọ́ lọ́wọ́ mi lu sìmẹ́ǹtì."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ wà nílé nígbà yẹn?"

"Rárá." Kò gbójú sókè. "Ó ti lọ."

"Ìbínú ọjọ́ tó lọ ló mú ẹ̀gbọ́n mi ṣubú," ni Alága dá sí i. "Ẹ kọ ìyẹn náà mọ́ ọn lọ́rùn."

*

Ọkùnrin tó ń ta dùùrù náà ní ọ́fíìsì tí wọ́n lẹ fóòmù mọ́ gbogbo ògiri rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é, nítorí eyín rẹ̀ kì í wọlé.

"Mi ò jí nǹkan kan, Màmá. Ọmọ Bàbá ló fún mi, ó fi fúláàṣì gbé e wá. Ó ní òun ò fẹ́ orúkọ níbẹ̀."

"Ọmọ Bàbá wo?"

"Àkọ́bí ni. Ṣé ẹbí wọn ò tíì sọ fún yín?"

"Ìgbà wo ló mú un wá?"

Ẹlẹ́rìn-ín fa ara sẹ́yìn lórí àga, ó fẹ́ kí irọ́ náà rí ẹsẹ̀ dúró lé. "Ọjọ́ tó bínú kúrò nílé gan-an ni. Ilé wọn ló ti tààrà wá síbí, ẹrù rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́. Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan inú rẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ni mo kùn."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Mo lè búra."

"Má búra. A máa ń rántí ìbúra."

Bí Arínúróde ṣe ń jáde ló rí ọ̀dọ́bìnrin kan ní kọ̀rọ̀ yàrá kejì, tí ohun àfisétí bo etí rẹ̀ méjèèjì. Ó dá a mọ̀ nínú àwòrán tí Àkọ́bí fi hàn án. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Baba Oníwáyà ni, Ẹnu-Ò-Sinmi ni ìnagijẹ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, kí àìsàn tó dé. Báwo ni ẹni tó mọ iṣẹ́ Baba dé inú egungun ṣe wá wà nílé ẹni tó ń ta iṣẹ́ náà? Inú Arínúróde dùn bíi ti ológbò tó gbóòórùn eku. Ó fa ohun àfisétí náà kúrò létí rẹ̀.

"O kú iṣẹ́, olè."

"Háà! Màmá, ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Tí mo bá fẹ́ jalè, ṣé ìdọ̀tí ni mo máa jí?"

"Ìdọ̀tí bí ti báwo?"

Ẹnu-Ò-Sinmi ṣí inú dùùrù náà fún un, ó ń pòṣé. "Ẹ wo gbogbo wáyà òkú yìí! Wọ́n ń jẹ agbára kọ̀ǹpútà lásán. Ohun tí gbogbo àwa tó jáde lọ́wọ́ Bàbá máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé ká gbá wọn jáde. Bọ̀ọ̀dá Àkọ́bí náà, kò lè jẹ́ kí èyí jáde nílé báyìí, ojú á tì í. Mo sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín pé kó jẹ́ kí n tún un ṣe, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án, kó má baà bà jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹni tó jí èyí kò mọ iṣẹ́ yìí rárá, Màmá. Ó kàn gbé ìkòkò tòun ti èéfín ìdí rẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Arínúróde létí, àmọ́ kò gbé e mì. Olè ọlọ́gbọ́n lè fi ìdọ̀tí sílẹ̀ kí wọ́n lè sọ pé òpè ló jalè. "Ohùn wo ló wà nínú àwọn wáyà òkú náà?"

"Mi ò tiẹ̀ bèèrè rí."

"Bèèrè báyìí. Yí bọ́tìnnì wọn sókè níkọ̀ọ̀kan."

Ẹnu-Ò-Sinmi yí àkọ́kọ́, ohùn bíi fèrè tó ní òtútù jáde. Ó yí òmíràn, ó kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Bó ṣe ń yí wọn ló ń bú ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, tó sì ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó kan èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó dún gán-ín, ó wá gbọ̀n rìrì lẹ́yìn.

"Kí wá lèyí?" ni ọ̀dọ́bìnrin náà wí. "Mi ò gbọ́ èyí lọ́dọ̀ Bàbá rí. Wọ́n gba ohùn nǹkan gidi sílẹ̀ ni, wọ́n wá so ó mọ́ asẹ́."

Arínúróde ní kó tún un yí. Ó tún dún. Kò sí agogo méjì láyé tó lè sán sí ibi kan náà.

Ó jókòó, ó sì to ọ̀rọ̀ náà síwájú ara rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ní ọjọ́ tí Àkọ́bí kúrò nílé lòun gba dùùrù, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan inú rẹ̀ mọ́. Àkọ́bí ti lọ kí àìsàn tó dé. Àìsàn ti dé kí wọ́n tó ra agogo. A jẹ́ pé Baba ló gba ohùn agogo náà sílẹ̀ lórí ibùsùn, pẹ̀lú ọwọ́ òsì kan ṣoṣo. Kò wù ú, ó yí i sí òdo, kò sì gé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó jí i. Irọ́ ni Ẹlẹ́rìn-ín pa, ọwọ́ Àkọ́bí mọ́. Ọwọ́ Ẹnu-Ò-Sinmi náà mọ́. Ta ló wà nílé náà lẹ́yìn agogo? Alága ni, tí kò lè tan fóònù láìpe ọmọdé. Àti ẹni tó ra agogo.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Inú Arínúróde kò dùn mọ́.

*

Ó bá Àbíkẹ́yìn lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ ibùsùn bàbá rẹ̀ sórí okùn.

"Ọwọ́ Bàbá ń gbọ̀n," ni Arínúróde wí. "Ìwọ lo máa ń bá a tẹ páásìwọ́ọ̀dù."

Ọmọbìnrin náà kò sá. Ó sá aṣọ náà tán kó tó yíjú padà. "Ẹlẹ́rìn-ín ló sọ fún yín?"

"Agogo ló sọ fún mi."

Ó lóye, torí ó ti jókòó ti bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ tó ń gba ohùn agogo náà sílẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí ìjókòó kékeré, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

"Nígbà tí ìyá wa ń kú ní yàrá kejì, Màmá, ẹ mọ ohun tí Bàbá ń ṣe? Ohun àfisétí wà létí rẹ̀. Mo lù ú lẹ́jìká. Ó ní kí n dúró díẹ̀, asẹ́ kan ń yọ òun lẹ́nu. Díẹ̀ yẹn ni ìyá mi fi lọ. Nígbà tí òun náà wá ṣubú, mo ní ó ti tán, á sinmi báyìí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ lè gbé ọwọ́ òsì, kọ̀ǹpútà ló ní kí n gbé wá. Mo fẹ́ kí nǹkan náà parí ni. Mo ní tó bá ti wà lọ́wọ́ aráyé, kò ní rí nǹkan kan tún ṣe lára rẹ̀ mọ́, á wá wo ojú mi. Ẹlẹ́rìn-ín búra fún mi pé orúkọ Bàbá lòun máa kọ sí i."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?"

"Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Mo ti kúnlẹ̀. Kí n tó la ẹnu, Bàbá ní Àkọ́bí ni." Omi ń dà lójú rẹ̀, ojú náà sì le bí òkúta. "Mo bá dákẹ́. Ọjọ́ kejì, dídákẹ́ rọrùn díẹ̀. Ó ti wá mọ́ mi lára báyìí."

Ọ̀rọ̀ kan gún Arínúróde nínú. Kí ọmọ tó la ẹnu. Ó rántí ohun tí Baba wí: ó tú inú rẹ̀ wò látòkè délẹ̀. Ẹni tí kì í gé wáyà, ṣé ó lè gbàgbé ohun tó wà nínú wáyà rẹ̀?

Ó wọlé. Alága ti lọ sílé. Arínúróde fa àga sún mọ́ ibùsùn títí orúnkún rẹ̀ fi kan igi ibùsùn.

"Ẹ ti gbọ́ agogo náà nínú dùùrù, Bàbá."

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ ti mọ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́ pé kì í ṣe Àkọ́bí."

"Mo ti mọ̀."

"Kí ló dé?"

"Ẹ wo apá yìí." Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọ̀tún, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sórí ibùsùn bí ẹja òkú. "Tí mo bá sọ ẹni tó jẹ́, Alága á lé e jáde lójú ẹsẹ̀. Ta ló máa yí mi? Ta ló máa fi omi sí mi lẹ́nu? Ọkùnrin ni Àkọ́bí, ó lẹ́sẹ̀, ó lè rìn kúrò nínú ìtìjú. Ibo lèmi máa rìn lọ?"

"Ẹ fi orúkọ ọmọ yín ra ẹni tó máa nu ìdí fún yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni." Kò tijú. "Tí ẹ bá dé orí ibùsùn yìí, ẹ̀yin náà á mọ ohun tí ẹ máa fi rà á."

"Ẹ sọ ọ́ fún Alága, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kọ́mọ dúró."

"Alága kì í gba ẹ̀bẹ̀, bí a ṣe bí i nìyẹn." Baba pa ojú dé, ó na ọwọ́ òsì, ó sì mi agogo. Àbíkẹ́yìn wọlé pẹ̀lú ife omi. Ìjíròrò ti parí.

*

Ojú ọ̀nà ni Arínúróde ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Àkọ́bí, torí ó mọ̀ pé tí wọ́n bá jókòó, òun ò ní lè dìde. Ọ̀dọ́kùnrin náà gbọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀, kò ṣe bí ẹni tí ẹnu yà. Ó gbọ́ ti bàbá rẹ̀, ó dúró gbagidi láàárín èrò.

"Ó mọ̀?"

"Ó mọ̀."

"Ó ti sàn kó gbà pé olè ni mí lóòótọ́," ni Àkọ́bí wí. "Ìyẹn, mo lè dárí jì í."

"Jẹ́ kí n pe ẹbí jọ. Mo lè mú kọ̀ǹpútà lọ, kí wọ́n gbọ́ agogo."

"Tí wọ́n bá lé e, ta ló máa yí Bàbá?" Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ojú rẹ̀ yí padà, torí ó gbọ́ pé ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ gan-an lòun sọ. "Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, Màmá. Tó bá kú tán, kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Arínúróde kọ̀, ó bínú, ó ní òun ò gba iṣẹ́ náà láti fi òótọ́ pa mọ́. Ó tún padà gbà. Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń sọ ọ́.

Ọjọ́ tí Baba Oníwáyà kú, oòrùn mú débi pé ajá ìsàlẹ̀ kò gbó. Àbíkẹ́yìn ló pe Arínúróde lórí fóònù. "Ó ti lọ, Màmá. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Kò ní gbé ìpè mi."

Nígbà tí àwọn méjèèjì dé, èrò ti kún pálọ̀. Alága na apá dí ẹnu ọ̀nà yàrá. "Níbo? Ẹni tó ja òkú lólè kó tó kú, kí ló tún fẹ́ mú?"

Àkọ́bí ti bọ́ bàtà. Ó dúró síbẹ̀. Arínúróde ní ó tó gẹ́ẹ́, ó sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lójú èrò: agogo, wáyà, irọ́ Ẹlẹ́rìn-ín, ohun tí Baba wí lórí ibùsùn.

"Wáyà wo?" ni Alága béèrè. "Àwòrán tí wọ́n yà sórí kọ̀ǹpútà lẹ ń pè ní wáyà? Ta ló tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi, yàtọ̀ sí ẹ̀yin tí olè gbà síṣẹ́?"

"Kò sí. Àmọ́ ẹni tó ṣe é wà níbẹ̀ yẹn."

Gbogbo ojú yí sí Àbíkẹ́yìn. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó ń fi aṣọ tútù nu ọwọ́ òsì bàbá rẹ̀ níka níka, bíi pé ó ṣì ń dùn ún. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo ilé ń retí, títí kan ẹni tó wà lórí ibùsùn.

"Ẹ jẹ́ ká sin Bàbá ná," ló wí.

Àkọ́bí bẹ̀rẹ̀, ó mú bàtà rẹ̀ nílẹ̀, kò wọ̀ ọ́, ó sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn lọ láìwo ẹ̀yìn. Alága sì yíjú sí èrò, ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà tó ṣófo.

"Ṣé ẹ ti rí i fúnra yín? Ẹni tí kò jalè kì í sá."